Òtútù ọyẹ́: Bí a ṣe lè yan ohun tí yóò mú ilé kékeré tó ti pẹ́ móoru láìfi ẹ̀mí wewu

Ọ̀pọ̀ ará Nàìjíríà mọ àkókò ọyẹ́ sí ìgbà ètè gbígbẹ, eruku àti òtútù òwúrọ̀ tí oòrùn máa ń lé lọ kó tó di ọ̀sán. Ṣùgbọ́n fún àwọn tó ń gbé ní orí òkè gíga, bíi Jos, Bukuru àti Vom ní Ìpínlẹ̀ Plateau, tàbí Gembu lórí òkè Mambilla ní Ìpínlẹ̀ Taraba, ọ̀rọ̀ náà ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ìlú Jos fi nǹkan bíi 1,200 mítà ga ju ojú òkun lọ. Ní òru oṣù Kejìlá àti oṣù Kìíní, òtútù ibẹ̀ lè lọ sílẹ̀ dé nǹkan bíi ìwọ̀n 10 lórí òṣùwọ̀n Celsius, nígbà mìíràn kó tilẹ̀ rẹlẹ̀ ju bẹ́ẹ̀ lọ.

Ọ̀pọ̀ ìdílé Yorùbá ló ti fi ìlú Jos ṣe ibùgbé láti ìgbà tí iṣẹ́ ìwakùsà tánganran àti ojú irin ti kó àwọn òṣìṣẹ́ àti oníṣòwò lọ síbẹ̀ ní ìbẹ̀rẹ̀ ọ̀rúndún tó kọjá. Púpọ̀ nínú àwọn ilé tó ti pẹ́ níbẹ̀ kò ju iyàrá méjì tàbí mẹ́ta lọ: ògiri alámọ̀ tí a fi sìmẹ́ńtì rẹ́, òrùlé onípáànù, àti fèrèsé tí kì í pa dé dáadáa mọ́. Wọn kò kọ́ ọ̀pọ̀ wọn mọ́ ẹ̀rọ kankan tó ń mú ilé móoru. Nítorí náà, bí òtútù bá dé, onílé fúnra rẹ̀ ni yóò yan ohun tí yóò lò: èédú, igi, kẹrosíìnì, gáàsì tàbí iná mànàmáná. Bí kò bá yàn án dáadáa, ohun tó gbé wọlé láti fi gba ìdílé rẹ̀ lọ́wọ́ òtútù lè pa wọ́n kí ilẹ̀ tó mọ́.

Ìdí nìyí tí a fi fẹ́ ṣe àlàyé lórí ohun tó yẹ kí ènìyàn gbé yẹ̀ wò kó tó yàn.

Ohun tí òtútù ń ṣe fún ara

Òtútù inú ilé kì í ṣe ọ̀rọ̀ ìnira lásán. Nínú ìlànà tí Àjọ Ìlera Àgbáyé, WHO, gbé jáde ní ọdún 2018 lórí ilé gbígbé àti ìlera, àjọ náà dá a lábàá pé, ní àwọn ilẹ̀ tí òtútù ti ń mú, ìwọ̀n 18 Celsius nínú ilé ló yẹ láti dáàbò bo ìlera àwọn ènìyàn. Ó fi kún un pé ó lè yẹ kó ga ju bẹ́ẹ̀ lọ fún àwọn tí ara wọn kò gba òtútù, bí àwọn arúgbó, àwọn ọmọdé àti àwọn tó ní àìsàn ọlọ́jọ́ pípẹ́.

Bí òtútù bá mú ara, àwọn iṣan ẹ̀jẹ̀ máa ń sún kì kí ooru má bàa jáde lára. Èyí ń mú kí ẹ̀jẹ̀ ru sókè, ó sì ń fi kún iṣẹ́ ọkàn. Ẹni tó ní ẹ̀jẹ̀ ríru tàbí àìsàn ọkàn wà nínú ewu púpọ̀ ní irú àkókò bẹ́ẹ̀. Atẹ́gùn tútù tó sì gbẹ a máa ru ásímà àti ikọ́ sókè. Bákan náà, òtútù jẹ́ ọ̀kan lára àwọn ohun tó ń fa ìrora líle fún àwọn tó ní àrùn fòníkú-fọ̀ladìde, nítorí náà òbí tó ní irú ọmọ bẹ́ẹ̀ nílé kò gbọdọ̀ fi ọ̀rọ̀ òtútù ṣeré.

Ọmọ tuntun ni ó yẹ kí a ṣọ́ jù lọ. Ìwọ̀n ooru ara rẹ̀ yẹ kó wà láàárín 36.5 sí 37.5 Celsius. Ara rẹ̀ kéré, ooru sì ń tètè jáde níbẹ̀, pàápàá láti orí. Bí ọwọ́, ẹsẹ̀ àti àyà ọmọ bá tutù, tí kò mu ọmú dáadáa mọ́, tí ó sì ń sùn ju bó ti yẹ lọ, ẹ gbé e mọ́ àyà ìyá rẹ̀, awọ kan awọ, kí ẹ fi aṣọ bò wọ́n papọ̀, kí ẹ sì gbé e lọ sí ilé ìwòsàn. Ní ti àgbàlagbà, bí ooru ara bá rẹlẹ̀ ju 35 lọ, ó ti di ọ̀ràn pàjáwìrì. Àmì rẹ̀ ni gbígbọ̀n, ọ̀rọ̀ tí kò já gaara, àti kí ènìyàn máa ṣe bí ẹni tí kò mọ ibi tó wà. Bí gbígbọ̀n bá sì dáwọ́ dúró nígbà tí ara ṣì tutù, kì í ṣe àmì pé ara ti ń yá.

Ẹ tọ́jú ilé kí ẹ tó ra ẹ̀rọ

Àṣìṣe tí ọ̀pọ̀ ń ṣe ni pé wọ́n a kọ́kọ́ wá iná, wọn kò wo ibi tí ooru ń gbà jáde. Bí a bá ń da omi sínú agbọ̀n, kò sí bí ìkòkò tí a fi ń bù ú ṣe lè tóbi tó, agbọ̀n kò ní kún. Bẹ́ẹ̀ gan-an ni ilé tó ní ihò.

Òkè ni ooru ń lọ. Bí iyàrá kò bá ní àjà, tàbí tí àjà ti jábọ́ ní apá kan, ooru yóò gòkè lọ bá páànù, páànù yóò sì tú u dànù sí òfuurufú ní kíá. Nítorí náà, àjà ni ohun àkọ́kọ́ tó yẹ kí onílé tún ṣe. Lẹ́yìn èyí ni abẹ́ ilẹ̀kùn, tí a lè fi aṣọ tí a ká jọ dí ní alẹ́, àti fèrèsé, tí a lè ta aṣọ tó nípọn sí.

Ògiri amọ̀ tó nípọn ní àǹfààní tirẹ̀: ó máa ń gba ooru oòrùn sára ní ọ̀sán, á sì máa tú u sílẹ̀ díẹ̀díẹ̀ ní alẹ́. Oòrùn sì máa ń ràn dáadáa ní ọ̀sán ọyẹ́ lórí òkè Plateau. Bí eruku kò bá pọ̀ jù, ẹ ká aṣọ fèrèsé kúrò kí oòrùn lè wọlé. Kí oòrùn tó wọ̀, ní nǹkan bí agogo mẹ́rin ìrọ̀lẹ́, ẹ ti fèrèsé kí ẹ sì ta aṣọ padà. Èyí kò ná ẹnikẹ́ni ní kọ́bọ̀.

Ìkìlọ̀ kan wà níhìn-ín fún àwọn tí ilé wọn ti pẹ́. Asbestos ni wọ́n fi ṣe àjà àti òrùlé ọ̀pọ̀ ilé àtijọ́. Bí pátákó rẹ̀ bá wà ní odidi, tí ẹnikẹ́ni kò sì fọwọ́ kàn án, ewu rẹ̀ kéré. Ṣùgbọ́n bí a bá fọ́ ọ, tí a gé e, tàbí tí a lu ihò sí i, eruku rẹ̀ lè wọ inú ẹ̀dọ̀fóró, kó sì fa àrùn jẹjẹrẹ lẹ́yìn ọ̀pọ̀ ọdún. Ẹ má ṣe yọ ọ́ fúnra yín, ẹ má sì fi ìgbálẹ̀ gbígbẹ gbá àfọ́kù rẹ̀. Iṣẹ́ ẹni tó mọ̀ ọ́n ni.

Bí ẹ ti ń tọ́jú ilé, ẹ rántí pé ẹni tó wà nínú iyàrá ni a fẹ́ kí ara rẹ̀ móoru. Ìbọ̀sẹ̀, fìlà, aṣọ ìbora méjì tó fẹ́lẹ́ tí a gbé lé ara wọn, àti ẹní tàbí búrẹ́dì ìrọ̀gbọ̀kú tó yà wá kúrò lórí ilẹ̀ sìmẹ́ńtì, lè ṣe iṣẹ́ tí iná kò lè ṣe. Ẹni tó bá ń lo rọ́bà omi gbígbóná kò gbọdọ̀ bu omi tó ń hó sínú rẹ̀. Kó fi aṣọ wé e, kó sì gbé e kúrò lórí ibùsùn kó tó tẹ́ ọmọdé síbẹ̀.

Ẹ̀rọ tó ń lo iná mànàmáná

Nínú gbogbo ohun tó ń mú ilé móoru, èyí tó ń lo iná mànàmáná ni kì í tú èéfín tàbí afẹ́fẹ́ olóró sínú iyàrá. Fún ìlera ẹ̀dọ̀fóró, òun ló dára jù. Ohun tó yẹ kí a bi ara wa ni bóyá iná wà, bóyá wáyà ilé lè gbé e, àti bóyá àpò wa lè gbé e.

Oríṣiríṣi ni ẹ̀rọ náà. Ọ̀kan ní irin tó ń pọ́n yòò. Ó máa ń tètè mú ẹni tó jókòó síwájú rẹ̀ móoru, ṣùgbọ́n ó lè jó aṣọ àti ọmọdé. Òmíràn ní abẹ̀bẹ̀ tó ń fẹ́ ooru káàkiri. Ẹ̀kẹta ni èyí tí òróró wà nínú rẹ̀. Ó máa ń pẹ́ kó tó móoru, ṣùgbọ́n irin pípọ́n kò sí níta rẹ̀, ó sì máa ń lọ́ wọ́ọ́rọ́ fún ìgbà díẹ̀ lẹ́yìn tí a bá ti pa á. Ẹ má jẹ́ kí olùtajà tàn yín jẹ pé ọ̀kan ń mú ooru jáde ju èkejì lọ lórí iye iná kan náà. Wáàtì 1,000 kò ju wáàtì 1,000 lọ nínú èyíkéyìí wọn. Èyí tó yàtọ̀ ni ẹ̀rọ amúlétutù tó tún lè mú ilé móoru. Nítorí pé ooru ìta ló ń kó wọlé, ooru tó ń mú wá lè jẹ́ ìlọ́po méjì sí mẹ́ta iná tó ń jẹ. Ṣùgbọ́n owó rẹ̀ pọ̀, ó sì nílò ilé tí atẹ́gùn kò gba inú rẹ̀ kọjá.

Ẹ jẹ́ kí a ṣe ìṣirò. Ẹ̀rọ wáàtì 2,000 tí a tàn fún wákàtí mẹ́ta yóò jẹ yúnìtì iná mẹ́fà. Ní oṣù Kẹrin ọdún 2024, nígbà tí wọ́n gbé owó iná àwọn oníbàárà tó wà ní ìpele A dé 225 náírà lórí yúnìtì kan, yúnìtì mẹ́fà náà jẹ́ 1,350 náírà ní alẹ́ kan, èyí tó jẹ́ 40,500 náírà ní ọgbọ̀n ọjọ́. Ẹ fi iye tí ẹ ń san ní àdúgbò yín ṣe ìṣirò tiyín kí ẹ tó ra ẹ̀rọ. Aṣọ ìbora oníná, tí kì í sábà ju 100 wáàtì lọ, kò ní jẹ tó yúnìtì kan láti alẹ́ di òwúrọ̀. Ṣùgbọ́n kò yẹ fún ọmọ ọwọ́, tàbí fún ẹni tí kò lè fi ọwọ́ ara rẹ̀ pa á.

Àwọn tó gbẹ́kẹ̀ lé bátìrì iná oòrùn náà gbọ́dọ̀ ṣọ́ra. Bátìrì 12 fóòtì tó jẹ́ 200 Ah kò ní ju yúnìtì 2.4 lọ nínú nígbà tó bá kún. Ẹ̀rọ wáàtì 2,000 yóò gbẹ ẹ́ láàárín nǹkan bíi wákàtí kan. Ẹ̀rọ amúnáwá kékeré tí kò tó wáàtì 1,000 kò sì lè gbé irú ẹ̀rọ bẹ́ẹ̀ rárá.

Ní ti wáyà, ẹ̀rọ wáàtì 2,000 ń fa nǹkan bíi áḿpíà mẹ́sàn-án. Wáyà ilé tó ti lo ogójì ọdún lè máà gbà á. Bí ojú sọ́kẹ́ẹ̀tì bá ń gbóná, tí ó ń dúdú, tàbí tí òórùn jíjó ń jáde níbẹ̀, ẹ pa á kíákíá. Ẹ pe oníṣẹ́ iná tó mọṣẹ́ kó yẹ wáyà wò kí ọyẹ́ tó dé. Ara ògiri gan-an ni kí ẹ ti ki ẹ̀rọ náà, kì í ṣe ara wáyà àfikún tí tẹlifíṣọ̀n àti fóònù ti wà. Ẹ jẹ́ kó fi mítà kan jìnnà sí aṣọ fèrèsé àti ibùsùn, kí ẹ má sì ṣe sá aṣọ lé e lórí.

Ilé tó ní ojú ààrò àti ọ̀nà èéfín

Díẹ̀ nínú àwọn ilé tí wọ́n kọ́ ní ayé àwọn òyìnbó amúnisìn ní ojú ààrò lára ògiri, tí ọ̀nà èéfín rẹ̀ gba orí òrùlé jáde. Bí ọ̀nà èéfín náà bá ṣí, ó dára láti lò ju èédú inú agolo lọ ní ọ̀nà jíjìn. Ṣùgbọ́n bí wọn kò bá ti dáná níbẹ̀ fún ọdún pípẹ́, ẹyẹ lè ti kọ́ ìtẹ́ síbẹ̀, bíríkì sì lè ti jábọ́ dí i. Ẹ jẹ́ kí birikìlà yẹ̀ ẹ́ wò, kó sì ro ó. Lẹ́yìn náà, ẹ fi ìwé díẹ̀ dáná síbẹ̀ kí ẹ wo ibi tí èéfín rẹ̀ ń lọ. Bí ó bá ń padà sínú iyàrá, ẹ má lò ó. Igi gbígbẹ nìkan ni kí ẹ fi dáná, kì í ṣe pákó tí a kùn ní ọ̀dà, tàbí ike.

Kẹrosíìnì, gáàsì àti èédú

Ní ọdún 2014, Àjọ Ìlera Àgbáyé gba àwọn orílẹ̀-èdè níyànjú pé kí wọ́n má ṣe gbé lílo kẹrosíìnì nínú ilé lárugẹ mọ́, nítorí èéfín rẹ̀ ń ba ẹ̀dọ̀fóró jẹ́, iná rẹ̀ sì ń jó ènìyàn. Ní orílẹ̀-èdè yìí, a tún mọ ewu kẹrosíìnì tí wọ́n lú mọ́ bẹntiróòlù, tó ń bú gbàmù. Gáàsì ń jó mọ́ ju kẹrosíìnì lọ, ṣùgbọ́n sítóòfù gáàsì wà fún oúnjẹ sísè. Bí a bá tàn án sílẹ̀ nínú iyàrá tí a tì pa, yóò máa jẹ atẹ́gùn tí à ń mí sínú.

Èédú ni ó burú jù nínú wọn, nítorí òun ló jọ pé kò léwu. Ọ̀pọ̀ ènìyàn a dáná èédú sí ìta títí yóò fi pọ́n, tí èéfín rẹ̀ yóò fi tán, wọn a wá gbé e wọ iyàrá, wọn a ti ilẹ̀kùn, wọn a sì sùn. Èrò wọn ni pé bí èéfín ti tán, ewu ti tán. Kò rí bẹ́ẹ̀. Ògúnná tó pọ́n yòò náà ń tú afẹ́fẹ́ olóró tí wọ́n ń pè ní carbon monoxide jáde. Afẹ́fẹ́ yìí kò ní àwọ̀, kò ní òórùn, kì í ta ojú, kì í sì í mú ènìyàn wúkọ́. Àwọn àgbà máa ń sọ pé èéfín kò ṣé bò mọ́lẹ̀, ṣùgbọ́n èyí kò rú rárá tí a ó fi rí i.

Bí ó ti ń pa ènìyàn nìyí. Nínú ẹ̀jẹ̀ wa, ohun kan wà tó ń ru atẹ́gùn ọ́síjìn káàkiri ara. Carbon monoxide ń lẹ̀ mọ́ ohun tó ń ru atẹ́gùn yìí pẹ̀lú agbára tó ju ti ọ́síjìn lọ ní ìlọ́po igba àti jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ẹ̀jẹ̀ ṣì ń lọ, ọkàn ṣì ń lù, ṣùgbọ́n ọ́síjìn kò dé ọpọlọ mọ́. Ẹni tó ń sùn lè máà jí láti mọ̀ pé ohun kan ń ṣe òun. Aboyún àti ọmọ inú rẹ̀, ọmọdé, arúgbó, ẹni tó ní àìsàn ọkàn àti ẹni tí ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ kò tó ni ó ń tètè mú.

Níbí yìí ni ọ̀rọ̀ ihò dídí tí a sọ ṣáájú ti gbọ́dọ̀ yé wa dáadáa. Ilé tí a fi iná mànàmáná mú móoru ni a lè dí ihò rẹ̀. Ilé tí ohunkóhun ń jó nínú rẹ̀ gbọ́dọ̀ máa rí atẹ́gùn gbà. Síbẹ̀, fèrèsé tí a ṣí díẹ̀ kò tó láti sọ èédú di ohun tó yẹ nínú iyàrá tí ènìyàn ń sùn sí. Bẹ́ẹ̀ náà ni ẹ̀rọ amúnáwá: kò gbọdọ̀ wà nínú ilé, ní ọ̀ọ̀dẹ̀, tàbí lẹ́bàá fèrèsé.

Àmì oró náà àti ohun tó yẹ ní ṣíṣe

Orí fífọ́, òòyì, èébì, àárẹ̀ àti ìdàrúdàpọ̀ ọkàn ni àmì rẹ̀. Nítorí pé wọ́n jọ àmì ibà, ọ̀pọ̀ ń lọ ra oògùn ibà, wọ́n sì ń padà sùn nínú iyàrá kan náà. Ẹ bi ara yín ní ìbéèrè méjì: ṣé ó mú ju ẹnì kan lọ nínú ilé lẹ́ẹ̀kan náà? Ṣé ara ń fúyẹ́ bí a bá jáde síta? Bí ìdáhùn bá jẹ́ bẹ́ẹ̀ ni, ẹ fura sí iná inú ilé.

Ẹ gbé gbogbo ènìyàn jáde sínú afẹ́fẹ́ tó mọ́ lójú ẹsẹ̀. Ẹ má dúró pẹ́ nínú iyàrá náà láti kó ẹrù. Ẹ pe 112, tó jẹ́ nọ́ńbà pàjáwìrì, tàbí kí ẹ gbé aláìsàn lọ sí ilé ìwòsàn tó ní ọ́síjìn, kí ẹ sì sọ fún dókítà pé èédú tàbí ẹ̀rọ amúnáwá ń jó nítòsí. Ẹ má fún un ní epo pupa tàbí mílíìkì. Ẹ̀dọ̀fóró ni oró náà gbà wọlé, kì í ṣe ikùn, ọ́síjìn sì ni ìtọ́jú rẹ̀. Kódà bí ara aláìsàn bá ti balẹ̀, kí dókítà ṣì yẹ̀ ẹ́ wò, nítorí ìpalára sí ọpọlọ lè fara hàn lẹ́yìn ọjọ́ mélòó kan.

Ẹ̀rọ aṣèkìlọ̀ carbon monoxide wà, bátìrì ni ó sì ń lò. Ẹ̀rọ tó ń ṣe ìkìlọ̀ èéfín nìkan kò lè ṣe iṣẹ́ rẹ̀, nítorí náà kí ẹ wo ohun tí wọ́n kọ sí ara èyí tí ẹ fẹ́ rà.

Bí a ṣe lè to yíyàn náà

Onílé tí owó rẹ̀ kò pọ̀ lè tò ó báyìí. Kó kọ́kọ́ tún àjà, ilẹ̀kùn àti fèrèsé ṣe. Kó ra aṣọ ìbora tó dára. Kó yan iyàrá kan ṣoṣo tí gbogbo ìdílé yóò jókòó sí ní alẹ́, kí ó sì jẹ́ kí oníṣẹ́ iná yẹ wáyà rẹ̀ wò. Lẹ́yìn náà, kó ra ẹ̀rọ oníná tí kò tóbi jù, kó tàn án fún wákàtí kan tàbí méjì kí wọ́n tó sùn, kó sì pa á. Bí iná kò bá sí, tí ojú ààrò tó ní ọ̀nà èéfín sì wà, kó lo ìyẹn, kí iná sì kú pátápátá kí oorun tó kùn ún. Bí èédú nìkan bá ni agbára rẹ̀ ká, kí wọ́n yá a ní ìta tàbí lábẹ́ àtíbàbà tó ṣí sílẹ̀, kí wọ́n fi gbóná omi, kí wọ́n sì fi í sílẹ̀ síta nígbà tí wọ́n bá ń wọlé lọ sùn. Eérú tó dà bí èyí tó ti kú náà ṣì lè ní ògúnná nínú.

Afẹ́fẹ́ ọyẹ́ ti gbẹ tẹ́lẹ̀, ooru sì ń mú kó gbẹ sí i. Nítorí náà, ẹ máa mu omi dáadáa, kí ẹ sì fi ìpara pa ara àti ètè.

Àwọn baba wa sọ pé a kì í fi iná sórí òrùlé sùn. Bí ẹ bá fẹ́ sùn lálẹ́ òní, ẹ kọ́kọ́ wò ó bóyá ohunkóhun ṣì ń jó nínú ilé. Bí ó bá wà, ẹ pa á tàbí kí ẹ gbé e síta, kí ẹ tó ti ilẹ̀kùn.